Ilẹ̀ Ògẹ́rẹ́ Afọkọ́yẹrí: Igi Inú Oko, Ilẹ̀dú, àti Gáàsì Tí A Ò Fojú Rí

Àwọn kan ní kí n tẹ ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ sọ níbí l'Ábẹ́òkúta, torí fóònù tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ti kú kí n tó sọ ọ́ dé ìdajì. Bí mo ṣe rántí ẹ̀ ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́ yìí o, ibi tí mo bá ti yà bàrá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi yà.

Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí, ẹ kú ìjókòó. Kí n tó sọ nǹkan kan, ẹ wo kọ́ọ̀pù méjì tó wà lórí tábìlì yìí, omi píọ̀ wọ́tà ni mo dà sínú ẹ̀, kò sí jíbìtì níbẹ̀. Ògúlùtu ilẹ̀ méjì ló wà lọ́wọ́ mi. Eléyìí, abẹ́ igi obì àtijọ́ kan lọ́nà Alábàtà ni mo ti bù ú. Ìkejì, oko pákí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ níbẹ̀ náà, oko tí wọ́n ti ń ro lọ́dọọdún láti ìgbà tí olóko ti gbéyàwó, ó sì ti ní ọmọ-ọmọ báyìí. Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà, ohun tí wọ́n ń ṣe lórí ẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹ wò ó bí mo ṣe ń jù wọ́n sínú omi.

Ti oko pákí tú. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi di ẹrẹ̀. Ti abẹ́ obì jókòó síbẹ̀ bí ẹni pé kò mọ̀ pé òun wà nínú omi, omi tiẹ̀ ṣì mọ́ gaara. Ìyá kan níwájú ní "àṣé ọ̀kan dì, ọ̀kan ò dì, bí ògì," mi ò rí àpèjúwe tó dáa ju ìyẹn lọ.

Ohun tó mú ti abẹ́ obì dì yẹn lọ̀rọ̀ tí mo bá wá. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní kábọ̀n inú ilẹ̀. Ẹ̀yin ń pè é ní ilẹ̀dú, àti pé lójú tèmi o, orúkọ tiyín ló dáa jù, torí ẹni tó bá ti gbọ́ ọ ti mọ àwọ̀ tó máa wò.

Kábọ̀n kì í ṣe nǹkan àjèjì. Èédú tí ẹ fi ń yan ẹja, kábọ̀n ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Igi tó bá gbẹ dáadáa, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n ẹ̀ ni kábọ̀n. Ibo ni igi ti wá rí i? Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní inú ilẹ̀, rárá o, inú afẹ́fẹ́ ni. Ewé ń fa gáàsì kan tó ń jẹ́ kábọ̀n dáyọ́ksáìdì, èyí tó ń jáde nímú wa, tó ń jáde nídìí jẹnẹrétọ̀, ó ń fi omi àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn sè é di igi, di èso, di gbòǹgbò. Ìrókò tó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ yẹn, afẹ́fẹ́ ló fi kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ara ẹ̀.

Gáàsì yìí náà ló ń mú ayé gbóná. Ó dà bí ọmọrí tí a dé lé ìkòkò, ooru tó yẹ kó bá òfuurufú lọ lálẹ́ ò ráàyè jáde tán. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó dé, tí ẹ bá pín afẹ́fẹ́ sí mílíọ̀nù kan ọ̀nà, nǹkan bíi 280 ni gáàsì yẹn nínú ẹ̀. Láti 1958 ni ará Amẹ́ríkà kan, Charles David Keeling, ti bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀n ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii, wọn ò sì tíì dẹ́kun dòní, ó ti kọjá 420 báyìí. Ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé inú afẹ́fẹ́ nìkan ni kábọ̀n wà o. Kábọ̀n tó wà nínú ilẹ̀ gbogbo ayé, láti òkè ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀ dé mítà kan, ó ju ti afẹ́fẹ́ àti ti gbogbo igi àti koríko lọ, tí ẹ bá ro ti àwọn yẹn pọ̀ gan-an. Nítorí náà bí ilẹ̀ bá jò díẹ̀, ayé á mọ̀ ọ́n lára, bó bá sì gbà díẹ̀ padà, ayé á mọ̀ ọ́n náà.

Àwọn bàbá wa ń ki ilẹ̀ báyìí pé, ilẹ̀ ògẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí. Ẹni tó ń fi ọkọ́ ya irun orí ẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ mọ ohun tó máa ń ṣe orí tí wọ́n bá ń yà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń fà á le kankan, irun iwájú á máa re, díẹ̀díẹ̀ á di pé gèlè la fi ń bò ó. Bí ilẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí ọkọ́ tàbí katakata bá tú u, ògúlùtu tó ti dì á fọ́, afẹ́fẹ́ á wọlé, àwọn kòkòrò tíntìntín inú ilẹ̀ á rí ilẹ̀dú tó ti fara pamọ́ jẹ, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á sì mí i síta bí àwa náà ṣe ń mí. Tí a bá tún wá sun pàǹtí orí ẹ̀, kí ló kù tí ilẹ̀ fẹ́ jẹ?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ bí ọmọ ọjà. Ẹ mú éékà kan, ẹ wo ilẹ̀ ẹ̀ láti òkè dé sẹ̀ǹtímítà 30, ìyẹn gígùn rúlà àwọn ọmọ iléèwé. Ilẹ̀ wa tó níyanrìn bí ti apá Ọ̀dẹ̀dá níbí, tí kúbíìkì mítà kan ẹ̀ bá wọ̀n tọ́ọ̀nù 1.4, gbogbo ilẹ̀ yẹn á fẹ́ẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù 1,700, típà tó ń ru tọ́ọ̀nù 20 máa ná an nígbà 85 kó tó lè kó o tán. Ká ní nínú 100 ilẹ̀ yẹn, ọ̀kan péré ni kábọ̀n. Tọ́ọ̀nù 17 nìyẹn. Tí a bá wá fi ọdún gbọọrọ ro ó láìdá nǹkan kan padà síbẹ̀, tí ọ̀kan yẹn wá di ààbọ̀, tọ́ọ̀nù 8.5 ti lọ. Lóòótọ́ ọ̀gbàrá á ti wọ́ díẹ̀ nínú ẹ̀ lọ sódò Ògùn, ṣùgbọ́n ká ní afẹ́fẹ́ ló gba gbogbo ẹ̀, kábọ̀n tọ́ọ̀nù kan máa ń di gáàsì tọ́ọ̀nù 3.67 torí ó máa ń gbé ọ́síjìn mọ́ra, ìyẹn á jẹ́ tọ́ọ̀nù 31. Lítà pẹtiróòlù kan tí a bá jó, kílò 2.3 ló ń mú jáde. Ẹ bá mi pín in. Ó tó lítà 13,500, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 ní ọ̀nà 540, lórí éékà kan ṣoṣo! Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn ní mo ti ṣì í ṣírò, mo ní kó mú fóònù ẹ̀ jáde, ó tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́, ó jókòó.

Ó dáa, báwo ni igi ṣe ń dá a padà? Gbogbo wa la mọ̀ pé ewé ń já bọ́, ó ń jẹrà, ilẹ̀ ń dúdú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ewé kọ́ ni ọ̀gá níbẹ̀. Ewé tó já sílẹ̀, oòrùn ń lù ú, ikán ń jẹ ẹ́, kí ọdún tó yípo, èyí tó ju ìdajì lọ nínú kábọ̀n ẹ̀ lè ti padà sí afẹ́fẹ́ tó ti wá. Gbòǹgbò lọ̀gá. Àwọn gbòǹgbò wẹ́wẹ́ bí òwú yẹn, inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń hù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kú, òmíràn tún ń hù, wọ́n sì máa ń sun omi aládùn kan tí àwọn kòkòrò ilẹ̀ ń mu. Tí àwọn kòkòrò yẹn bá kú, òkú wọn á lẹ̀ mọ́ amọ̀, ibi tó bá ti lẹ̀ mọ́ amọ̀ yẹn, ó máa ṣòro káwọn kòkòrò mìíràn tó rí i jẹ. Ìyẹn ló so ògúlùtu inú kọ́ọ̀pù yẹn pọ̀. Òkú kòkòrò ni. (Bàbá kan ní kí n má sọ̀rọ̀ òkú lórí ìjókòó oúnjẹ. Ẹ má bínú sir.)

Ohun kejì ni bí gbòǹgbò ṣe jìn tó. Àgbàdo ò lọ jìnnà, pákí náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ fún èyí tó pọ̀ jù nínú gbòǹgbò ẹ̀. Igi ń lọ ibi tí ọkọ́ ò lè dé láéláé, kábọ̀n tó bá wá sun síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa jí i. Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ tó jẹ́ pé òkè ilẹ̀ tí kò jìn nìkan ni wọ́n ń bù, wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà, wọn ò wo yàrá.

Ẹ tún rántí òjò àkọ́rọ̀. Òórùn yẹn tó máa ń dùn yẹn. Ilẹ̀ tó ti wà ní gbangba láti oṣù kejìlá, tí oòrùn ti yan án gbẹ, tí òjò àkọ́rọ̀ bá kàn án pẹ́rẹ́, àwọn kòkòrò inú ẹ̀ á jí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á jẹun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀, gáàsì á sì tú jáde ṣùàà fún ọjọ́ mélòó kan. Ilẹ̀ tó bá ní ìbòji lórí, tí ewé bò, kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀, kì í gbẹ tó bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, ìrókò. Ẹ jẹ́ kí n gbádùn ara mi díẹ̀ níbí torí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mọ́ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti ṣiṣẹ́ ní sọ́ọ̀mìlì, kí lẹ máa ń ṣọ́ra fún tẹ́ ẹ bá ń la ìrókò? Òkúta! (Àwọn méjì ló dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.) Òkúta gidi inú igi, tó lè ká eyín ayùn kúrò. Àwọn ará ilé máa ń ní Olúwéré ló gbé e síbẹ̀, èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Àwọn onímọ̀ tó lọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìrókò ní Côte d'Ivoire rí i pé igi náà ń fi kábọ̀n tó fà látinú afẹ́fẹ́ ṣe iyọ̀ kan pọ̀ mọ́ kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú egungun le, sínú èèpo, sínú ewé, sínú igi. Tí ìyẹn bá bọ́ sílẹ̀, olú, ikán àti àwọn kòkòrò tíntìntín á jẹ ẹ́, ohun tí wọ́n á fi sílẹ̀ ni òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Ilẹ̀ pupa wa tó máa ń kan, abẹ́ ìrókò á wá rọ̀, kò ní kan mọ́. Kábọ̀n tó wà nínú ilẹ̀dú lè lò tó ọdún díẹ̀ tàbí ọgọ́rùn-ún ọdún, èyí tó bá di òkúta, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ló ń wí.

Ẹ má tìtorí ìyẹn lọ gbin ìrókò kún éékà o! Kòkòrò kan wà tó máa ń jẹ́ kí ewé ọmọ ìrókò wú kókó-kókó títí orí ẹ̀ á fi kú, tí ìrókò bá pọ̀ lójú kan ló máa ń burú jù. Ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, láàárín àwọn igi mìíràn, bí wọ́n ṣe wà nígbà àwọn bàbá wa.

Tó bá jẹ́ kábọ̀n nìkan ni gáàsì tó ń mú ayé gbóná ni, ǹ bá ní ká lọ gbin igi, ká túká. Àmọ́ òmíràn wà tí ẹ fowó rà wọ oko. Báàgì fátíláísà yúríà kílò 50, 46 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ ni náítrójìn, oúnjẹ tó ń mú kí ewé tutù yọ̀yọ̀, kílò 23 nìyẹn. Ìṣirò tí IPCC, àjọ àgbáyé tó ń kó ìmọ̀ jọ lórí bí ayé ṣe ń gbóná, gbé kalẹ̀ ni pé nínú 100 náítrójìn tí a bá dà sílẹ̀, ọ̀kan máa ń di gáàsì náítrọ́sì ọ́ksáìdì. Ọ̀kan kéré lójú, ṣùgbọ́n kílò kan gáàsì yẹn ń mú ayé gbóná tó kílò 273 kábọ̀n dáyọ́ksáìdì láàárín 100 ọdún. Tí ẹ bá ṣe é débi tó parí sí, báàgì kan tí ẹ gbé lórí ọ̀kadà yẹn ń fẹ́ẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ kílò 100. Ìgbà tó sì máa ń jáde jù ni ìgbà tí ẹ bá dà á lẹ́ẹ̀kan náà sórí ilẹ̀ tí òjò ńlá wá rọ̀ lé e, tí ilẹ̀ kún fún omi. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ gbẹ́ ihò kékeré sí i, ẹ fi ilẹ̀ bò ó. Ẹ̀yin gan-an lẹ máa jèrè ẹ̀, torí náítrójìn tó bá fò lọ, owó yín ló fò.

Ibi tí igi ti wọ ọ̀rọ̀ yìí rèé. Àwọn igi kan wà tó ń fa náítrójìn látinú afẹ́fẹ́ fún ara wọn, irú àyùnré, irú agúnmaniyè, irú lúsínà tí àwọn ewúrẹ́ fẹ́ràn. Ẹ rẹ́ ẹ̀ka wọn sílẹ̀, ó di ajílẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín, mi ò bá àwọn tó ń sọ pé igi kì í ṣẹ̀ lọ. Ewé tútù yẹn tó tètè ń jẹrà, tó bá jẹrà sínú ilẹ̀ tó tutù rin, gáàsì kan náà yẹn lè jáde nínú ẹ̀, àwọn tó wọ̀n ọ́n níbi tí irú igi bẹ́ẹ̀ pọ̀ ti rí i tó ga ju ti oko lásán lọ. Nítorí náà ẹni tó bá ń da yúríà bó ṣe ń dà á tẹ́lẹ̀, tó tún kó ewé agúnmaniyè lé e, ilọ́po méjì ló ń ṣe. Tí ewé bá wọlé, fátíláísà gbọ́dọ̀ dín. Ẹ tún po ewé rírọ̀ mọ́ èyí tó le bíi ti obì tàbí máńgòrò, kó lè máa jẹrà díẹ̀díẹ̀. Èyí tí àgbàdo ò bá sì rí mu tí omi ń gbé lọ sísàlẹ̀, gbòǹgbò igi á gbá a mú lójú ọ̀nà kó tó dé inú kànga yín.

Mítéènì náà wà, gáàsì mìíràn tó ń mú ayé gbóná, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ilẹ̀ tó bá ń mí dáadáa, tí ihò wẹ́wẹ́ wà nínú ẹ̀, máa ń jẹ mítéènì inú afẹ́fẹ́ díẹ̀, èyí tí omi bò tàbí tí katakata tẹ̀ mọ́lẹ̀ kì í lè jẹ ẹ́, èyí tí omi bò gan-an ló ń tú u jáde. Ìrẹsì Ọ̀fàdà tí a ń gbìn sílẹ̀ gbígbẹ ò fi bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ̀ yìí lọ́rùn, ìrẹsì inú omi ló ni ín.

Ní 2018, àwọn onímọ̀ méjì kó èsì ìwádìí ọ̀pọ̀ ìlú jọ. Wọ́n ní oko tí wọ́n ti ń ro lásán tẹ́lẹ̀, tí wọ́n wá gbin igi láàárín ohun ọ̀gbìn inú ẹ̀, kábọ̀n ilẹ̀ ẹ̀ fi nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, láti òkè dé sẹ̀ǹtímítà 30. Èyí lẹ máa gbọ́ níbi gbogbo, gbogbo ẹni tó ń ta ọmọ igi ló mọ̀ ọ́n sórí. Ìdajì kejì èsì yẹn ni wọn kì í sọ: igbó tí wọ́n gé, tí wọ́n wá sọ di oko oní-igi, ó pàdánù nǹkan bí 24 nínú ọgọ́rùn-ún níbi kan náà yẹn. Ṣé ó yé wa? Ilẹ̀ tó ti ṣá ni kí ẹ gbé igi lọ. Ẹni tó bá gé igbó lulẹ̀ torí kó lè gbin igi síbẹ̀, ó ta akọ màlúù fi ra adìyẹ. Ilẹ̀ oníyanrìn wa náà kì í ṣe àpò tí kò nísàlẹ̀, amọ̀ inú ẹ̀ níwọ̀n, á kó, á kó, lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún á yó. Tí wọ́n bá sì wá dáná sun ún lọ́dún kan, ọ̀pọ̀ ohun tó kó jọ lórí ilẹ̀ ti wọ iná.

Nǹkan tí mò ń sọ yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Ìbàdàn níbí ni IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, wà, láti 1967, níbẹ̀ ni B. T. Kang àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970, kí wọ́n gbin lúsínà tàbí agúnmaniyè ní ìlà ìlà, kí wọ́n gbin àgbàdo sáàárín, kí wọ́n máa gé igi náà kúrú kí ewé ẹ̀ máa bọ́ ilẹ̀. Nínú oko ìwádìí, ó ṣiṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n ẹ rìn láti ibí dé Ìbàdàn, mélòó lẹ máa rí? Ohun méjì ló pa á. Àkọ́kọ́, iṣẹ́ ẹ̀ pọ̀, tí ẹ ò bá gé e lẹ́ẹ̀mélòó kan lọ́dún, á ṣíji bo àgbàdo, ìgbà tó yẹ kí ẹ gé e gan-an ni ìgbà tí ìroko ń pe yín. Eléyìí ní tèmi, mi ò rò pé ó yẹ kó le fún Ẹ̀gbá. Kí ni Lísàbí fi kó àwọn àgbẹ̀ jọ? Àáró. Lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, àáró yẹn náà ló padà di ogun tó gba Ẹ̀gbá lọ́wọ́ Ọ̀yọ́. Ẹni ogún tó bá mú àdá wọ oko éékà méjì láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán wọ́n ti ń mu gàrí.

Ìkejì ló le. Ọ̀rọ̀ onílẹ̀ ni. Gbogbo wa la mọ òfin tí a ò kọ sílẹ̀ yẹn: ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin àgbàdo, ó lè gbin pákí, ó lè gbin ẹ̀fọ́, kò gbọdọ̀ gbin igi. Torí igi ni ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ọ̀pẹ ẹ̀ ti so lórí ilẹ̀, ọmọ ẹ̀ lè ní ilẹ̀ bàbá òun ni. Bàbá tèmi gba ilẹ̀ ro lápá Ọ̀dẹ̀dá, ó gbin máńgòrò mẹ́fà yí ahéré ẹ̀ ká kó lè rí ibòji jókòó sí. Ọdún kẹrin, tó ku díẹ̀ kó so, àwọn ọmọ onílẹ̀ dé pẹ̀lú àdá, wọn ò bá a jà, wọ́n kí i dáadáa, wọ́n gé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n ní kó máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Mo ṣì kéré. Mo rántí pé ó jókòó sínú oòrùn lọ́jọ́ yẹn, kò sọ̀rọ̀ títí dalẹ́. Láti ọjọ́ yẹn títí tó fi kúrò níbẹ̀, pákí ló ń gbìn lé pákí, àti pé tí ẹ bá bu ògúlùtu ilẹ̀ yẹn sínú omi, ẹ ti mọ ohun tó máa ṣe.

Ẹ wo orílẹ̀-èdè Niger lókè wa níbí. Lápá Maradi, láti àwọn ọdún 1980, àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dá kùkùté inú oko wọn sí, ará Ọsirélíà kan tó ń jẹ́ Tony Rinaudo wà lára àwọn tó ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Wọn ò ra ọmọ igi. Kùkùté tí gbòǹgbò ẹ̀ ṣì wà láàyè máa ń rú, wọ́n mú ọ̀mùnú tó dáa jù nínú ẹ̀, wọ́n gé ìyókù, ó di igi. Ìròyìn ohun tí wọ́n ṣe ni pé ó tàn dé nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún hẹ́kítà. Tẹ́lẹ̀ ìjọba ló ni gbogbo igi, kí ni àgbẹ̀ fẹ́ tọ́jú ohun ìjọba fún? Ìgbà tí àgbẹ̀ ti mọ̀ pé òun ló ni igi inú oko òun, ó ṣíwọ́ gígé. Àwọn igi tiwọn lọ́hùn-ún yàtọ̀ o, gáwò tí àwọn Haúsá fẹ́ràn, tó máa ń wọ́ ewé nígbà òjò tí kì í ṣíji bo ọkà, ẹ má gbé e wá síbí. Kùkùté tiyín wà nínú oko yín.

Lẹ́yìn ìyẹn la gba ìbéèrè. Ìyá kan tó ń ṣe láfún bi mí pé ṣé pákí òun ò ní tín-ín-rín lábẹ́ igi. Á tín-ín-rín mà, mi ò ní purọ́. Pákí fẹ́ oòrùn, àwọn tó bá sún mọ́ igi jù, ẹ má retí nǹkan gidi níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìlà igi jìnnà síra, kó dojú kọ ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, kí ẹ sì máa rẹ́ ẹ̀ka ẹ̀. Nídìí igi gan-an, kókò ni kí ẹ gbìn, ìyẹn ò kọ ibòji. Tó bá jẹ́ iṣu lẹ ń gbìn, ẹ lè fi agúnmaniyè tó wà láàyè ṣe ọ̀pá iṣu, á máa gbé iṣu, á máa bọ́ ilẹ̀.

Ọmọkùnrin oní-kàkúlétọ̀ yẹn tún dìde, ó ní òun gbọ́ pé wọ́n ń san dọ́là fún kábọ̀n, níbo ni wọ́n ti ń gbà á. Gbogbo ilé ló jí. Mo ní owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe igi ni wọ́n ń rà, àlékún ni, wọ́n gbọ́dọ̀ wọ̀n bí ilẹ̀ rẹ ṣe rí kí o tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún padà wá wọ̀n ọ́n. Wíwọn kábọ̀n ilẹ̀ ò le bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ méjì, Walkley àti Black, gbé kalẹ̀ tí wọ́n ń lò ní lábù wa ti wà láti 1934, ìnáwó àti lọ-bọ̀ ibẹ̀ ló pọ̀, éékà méjì ò lè dá gbé e, àfi kí ẹgbẹ́ lápapọ̀ gbé e. Ìwé tí wọ́n máa gbé wá náà, ẹ fún ẹni tó gbọ́ òyìnbó dáadáa kà kí ẹ tó tẹ̀ka sí i, torí òmíràn máa ń so ilẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ò sì ní ogún ọdún tó máa fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá onílẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí ò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ó kàn ń wo kọ́ọ̀pù. Ó ní, "Èmi ni mo ni ilẹ̀ tí àwọn mẹ́ta nínú yín ń ro. Tí mo bá ní kí wọ́n gbin igi, ta ló ni èso?" Mo ní kó dá a lábàá. Ó rò ó, ó ní ọ̀pẹ, rárá, obì, rárá, ìyẹn ń fa ẹjọ́. Ṣùgbọ́n agúnmaniyè, àyùnré, àti òro, kí wọ́n gbìn ín, ẹ̀ka àti ewé jẹ́ tẹni tó ń ro ilẹ̀, èso òro ká pín in sí méjì, ọjọ́ tó bá kúrò lórí ilẹ̀, igi kò bá a lọ. Àwọn mẹ́ta yẹn wo ara wọn. Ọ̀kan ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí bàbá tó yí ọkàn padà, gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, bàbá náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n fa bébà ya láti inú ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, akọ̀wé ẹgbẹ́ ló kọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń wá ẹni tó ní íńkì tí wọ́n máa fi tẹ̀ka ni mo gbá omi kọ́ọ̀pù dànù, mo gbé ògúlùtu abẹ́ obì yẹn sínú ọ̀rá padà, ó ṣì wà lódindi.